Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Àlàáfíà? Ẹ̀kọ́ Láti Ilẹ̀ Sàró

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run.



Ọmọ ilé kéwú wa kan ní Challenge ni ó bi wá ní ìbéèrè tí ó di ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ní ìhà kejì ìlú Ìbàdàn wa yìí, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn ará Òkè Ọya. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n dáná sun ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ìjọba sì ti ọjà náà pa. Kò pẹ́ sí i ni àwọn oníṣòwò oúnjẹ ní Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró, wọn kò jẹ́ kí oúnjẹ wá sí gúúsù mọ́. Àwa tí à ń gbé Challenge kò gbọ́ ariwo ìjà yẹn, ṣùgbọ́n a rí i nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Tòmátì wọ́n, alùbọ́sà wọ́n. Ìyá kan tí ń ta ata lẹ́bàá ilé kéwú wa kò pa àtẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ rẹ̀ ni ó nawọ́ sókè ní kíláàsì tí ó ní: “Àfáà, bí ìjà bá ti parí, ta ni í tún ọjà ṣe? Ṣé ìjọba ni, ṣé àwọn òyìnbó ni, àbí àwa náà?”

A dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn wa kò kún tó. Ẹ jẹ́ kí a padà sí i lónìí.

1. KÍ NI À Ń PÈ NÍ ÀLÀÁFÍÀ?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kéwú mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni Yorùbá gbà láti inú èdè Lárúbáwá. Àlàáfíà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Inú al-‘āfiyah ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìlera àti ìdẹ̀ra. Ìdí nìyí tí a fi ń bi ara wa pé, “Ṣé àlàáfíà ni?” kódà níbi tí kò sí ogun rárá. Ohun tí à ń béèrè ni pé: ṣé ẹ jí dáadáa, ṣé ẹ rí jẹ, ṣé ara àwọn ọmọ le? Bí ìbọn bá dákẹ́ ní ìlú kan, ṣùgbọ́n tí aboyún kò rí ilé ìwòsàn, tí ọ̀dọ́ kò rí iṣẹ́ ṣe, Yorùbá kò tíì lè sọ pé àlàáfíà ti dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni iṣlāḥ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Lárúbáwá ń lò fún títún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe àti fún ìlàjà àwọn tí ń jà. Ẹni tí ó tún afárá tí ogun wó ṣe àti ẹni tí ó parí ìjà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Súúrà Kuráéṣì náà so méjèèjì pọ̀. Nígbà tí Ọlọ́hun ń rán àwọn ará Mẹ́kà létí oore Rẹ̀, yíyọ tí Ó yọ wọ́n nínú ebi àti yíyọ tí Ó yọ wọ́n nínú ìbẹ̀rù ni Ó kà papọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Òótọ́ ni. Ìlú tí ogun ti jó kò lè dá dìde, ó nílò ọwọ́ kejì, ọwọ́ náà sì lè wá láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọwọ́ ni àlejò fi ń bá ni gbé ẹrù, orí onílé ni ẹrù ń dé. Bí àlejò bá ní òun ni yóò rù ú, ibi tí ó bá wù ú ni yóò gbé e gbà, ọjọ́ tí ó bá sì rẹ̀ ẹ́ ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ìyẹn lọ.

2. Ẹ JẸ́ KÍ A KỌ́KỌ́ WO ILÉ

Kí a tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí. Ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó dá sí i, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Inú ìwé yẹn náà ni a ti kọ ọ́ pé kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kó kúrò níbi tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, kò sí nínú ọkàn. Ọdún 1909 ni wọ́n tó kó kúrò, wọ́n sì padà ní ọdún 1922. Ìjà tún bẹ́ ní ọdún 1981, ó tún bẹ́ ní 1997, èyí kò sì rọlẹ̀ títí di ọdún 2000.

Ibi tí a ó gbé oríkò ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sí wà lára ohun tí ó dá ìjà 1997 sílẹ̀. Ẹ ò rí i? Ohun ìdàgbàsókè ni oríkò ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀dà ń bá a wá, owó ń bá a wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kò fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe pín in, ohun rere náà di epo bẹntiróòlù tí a dà sí iná. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìdàgbàsókè ni ó ń bí àlàáfíà. Èyí tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jọ jókòó pín ni ó ń bí i.

3. OGUN ILẸ̀ SÀRÓ

Ẹ bá wa ká lọ sí Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lórí òkun kalẹ̀ sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Nítorí pé “ẹ kú” kì í kúrò lẹ́nu wọn, Akú ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn tẹ̀dó sí àdúgbò Fourah Bay àti Fula Town ní Freetown, wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí, ìran wọn sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀ Sàró kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa.

Ní oṣù kẹta ọdún 1991, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí Foday Sankoh jẹ́ olórí wọn gba ẹnubodè Làìbéríà wọ orílẹ̀-èdè náà. Ọdún mọ́kànlá ni ogun náà gbà. A ṣírò àwọn tí ó kú sí nǹkan bí 50,000. Wọ́n gé ọwọ́ aláìṣẹ̀, wọ́n sì gbé ìbọn lé ọmọdé lọ́wọ́. Àwọn sójà Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG tí ECOWAS rán lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wálé.

Kí ló mú àwọn ọ̀dọ́ gbé ìbọn? Orílẹ̀-èdè náà gbé Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀, ìwé ìgbìmọ̀ náà sì jáde ní ọdún 2004. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn aláṣẹ ti ń jẹ ìlú run fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì ka ará ìlú sí. Ọ̀dọ́ kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ, kò rí iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní agbègbè Kono, wọ́n ń wa dáyámọ́ǹdì, owó rẹ̀ ń lọ, kòtò nìkan ni ó ń kù fún onílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: ẹni tí ilé kò rí lò ni ìta ń lò.

Ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 1999, Ààrẹ Ahmad Tejan Kabbah àti Sankoh tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní Lomé, ní ilẹ̀ Tógò. Nínú àdéhùn náà, wọ́n fi Sankoh ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ohun àlùmọ́nì. Ẹni tí ó fi dáyámọ́ǹdì ra ìbọn ni wọ́n fi ṣe alága dáyámọ́ǹdì! Ọdún kan kò pé tí ìwé náà fi ya. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, àwọn ọlọ̀tẹ̀ mú nǹkan bí 500 lára àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbèkùn.

A kò gbọdọ̀ jẹ́ aláìmoore. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì dé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì mú kí ọmọ ogun rẹ̀ tó 17,500. Wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tí ó lé ní 70,000. Ní oṣù kìíní ọdún 2002, Ààrẹ Kabbah kéde pé ogun ti parí. Láìsí ọwọ́ kejì yẹn, bóyá ìbọn ì bá má tíì dákẹ́.

4. OHUN TÍ ÀWỌN ONÍLÉ ṢE

Ìbọn dákẹ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ran orílẹ̀-èdè tí ó ti inú ogun bọ̀ lọ́wọ́ kí ó má baà tún padà sí i. Sierra Leone àti Burundi ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní ọdún 2006. Ní ọdún 2007, mílíọ̀nù 35 dọ́là jáde fún Sierra Leone láti inú àpò tí wọ́n dá fún iṣẹ́ náà. Ìlànà tí wọ́n sọ ni pé kí orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún, kí àwọn olùrànlọ́wọ́ sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2011, ní Busan ní ilẹ̀ Kòríà, àwọn orílẹ̀-èdè tí ogun ti fọ́, Sierra Leone àti Làìbéríà wà lára wọn, mú kí àwọn olówó ayé gbà á nínú ìwé pé onílé ni kí ó máa ya àwòrán ilé.

Ìwé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́.

(a) Àwọn ẹlẹ́sìn. Ní ọdún 1997, àwọn àfáà àti àwọn àlùfáà ìjọ Kírísítẹ́nì ní Sierra Leone dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀. Kí wọ́n tó dé Lomé, wọ́n ti bá Ààrẹ sọ̀rọ̀, wọ́n ti bá Sankoh sọ̀rọ̀, wọ́n ti wọ inú igbó lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọ́n sì gba àwọn ọmọdé kan sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ẹlẹ́sìn láti òkèèrè ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ni ọlọ̀tẹ̀ mọ̀, àwọn ni ó fetí sí.

(b) Àwọn obìnrin. Ní Làìbéríà tí ó bá Sàró pààlà, tí òun náà wà nínú ogun, àwọn obìnrin Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì wọ aṣọ funfun ní ọdún 2003, wọ́n jókòó nínú oòrùn àti òjò ní ẹ̀gbẹ́ ọjà ẹja ní Monrovia. Leymah Gbowee ṣe aṣáájú wọn, Asatu Bah Kenneth, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá, sì pe àwọn obìnrin Mùsùlùmí jáde. Nígbà tí ìpàdé àlàáfíà ń fa gùn ní Accra, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ẹnì kankan kò ní jáde láìṣe iṣẹ́ tí ó bá wá. Ọmọ Nàìjíríà, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ni onílàjà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2003, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìlú kì í ṣe tiyín.

(c) Ìjọba ìbílẹ̀. Láti ọdún 1972 ni ìjọba Sierra Leone ti pa àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ́. Ní ọdún 2004, wọ́n tún dìbò yàn wọ́n. Báńkì Àgbáyé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ará abúlé wá ní ẹni tí ó lè bi léèrè pé: ilé ìwòsàn wa ńkọ́?

(d) Ọ̀rọ̀ ẹbí. Láti ọdún 2008, iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Fambul Tok, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ẹbí, bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Kailahun. Àwọn abúlé á dáná lálẹ́, wọ́n á yí i ká, ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀ á sọ̀rọ̀, wọ́n á tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn abúlé náà jọ ro oko kan. Àjọ kan ní Amẹ́ríkà ni ó ń fi owó tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n abúlé ni ó ń yan ọjọ́, abúlé ni ó ń yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó bí ìlàjà ṣe bí oko, tí oko sì ń bí oúnjẹ.

5. MÁṢÍÌNÌ ÌRÁNṢỌ ÀTI Ọ̀KADÀ

Nígbà tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́: iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ mẹkáníìkì. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì fún wọn ní irinṣẹ́. Ète náà dára. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú, télọ̀ pọ̀ ju ẹni tí ó ní owó aṣọ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ta irinṣẹ́ wọn jẹ.

Lákòókò kan náà, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ogun ti ba ọ̀nà jẹ́, ó ti jó mọ́tò, àwọn ènìyàn sì fẹ́ lọ sí ọjà. Ní Bo, ní Kenema, ní Makeni, àwọn tí ó ti jagun rí gun alùpùpù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí i gbé èrò. Orúkọ tí àwa ní Nàìjíríà fún un, ọ̀kadà, ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún náà. Àwọn tí ó ti yìnbọn lu ara wọn wá di ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n yan olórí, wọ́n ṣe òfin, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́. Iṣẹ́ náà ní ewu, a mọ̀, jàm̀bá rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó wá èrò tí ó ń dúró de ọkọ̀, ó sì rí wọn.

Èyí rán wa létí Mọdínà. Nígbà tí àwọn tí ó ṣí kúrò ní Mẹ́kà dé lọ́wọ́ òfo, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) so olúkúlùkù wọn pọ̀ mọ́ onílé kan bí ọmọ ìyá. Sa‘d ọmọ Rabī‘ fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì fún Abdur-Rahman ọmọ Awf. Abdur-Rahman ṣàdúrà fún un, ó sì ní kí wọ́n fi ọjà han òun. Wàrà gbígbẹ àti bọ́tà ni ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò, kò sì pẹ́ tí ó fi dá dúró. Ẹnì kan lawọ́, ẹnì kejì mọ ohun tí òun lè ṣe. Ìrànlọ́wọ́ tí ó bá fi ọjà hanni ju èyí tí ó pín owó lọ.

6. ÀÁRÙN EBOLA ÀTI ÒKÚ TÍ A KÒ KÍRUN SÍ

Ní ọdún 2014, Ebola wọ Sierra Leone. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó pa níbẹ̀ kí ó tó tán ní ọdún 2016. Ọ̀nà pàtàkì kan tí ó ń gbà ràn ni fífọwọ́ kan òkú. Àwọn oníṣègùn mọ èyí, wọ́n sì rán àwọn tí ó wọ aṣọ ìdáàbòbò láti máa gbé òkú lọ sin nínú àpò ọ̀rá. Wọn kò wẹ̀ ẹ́, kò sí ìrun sí i lára, ẹbí kò mọ ibojì. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí i fi òkú pamọ́, wọ́n ń sin ín lóru, àrùn sì ń ràn sí i.

Ìmọ̀ àwọn àlejò kò yẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé wọn kò bi onílé. Nígbà tí a pe àwọn ìmáàmù àti àwọn pásítọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ṣàlàyé fún ìjọ wọn pé níbi tí ìwẹ̀ òkú bá ti lè pa alààyè, dandan ìwẹ̀ ti kúrò, ṣùgbọ́n ìrun kò kúrò, a lè dúró lókèèrè kí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà ìsìnkú tuntun jáde, tí àwọn ẹlẹ́sìn bá wọn ṣe, tí ó fún ẹbí àti àfáà láyè níbi ìsìnkú. Àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí i pe àwọn asìnkú fúnra wọn.

7. TA TILẸ̀ NI ONÍLÉ?

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbí yìí. Bí a bá ní kí onílé ṣíwájú, àwọn olóṣèlú kan á pariwo pé, “Àwa ni onílé, ẹ kó owó wá!” Ṣebí irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ ni ó ba Sàró jẹ́ kí ogun tó dé. Ní oṣù kejì ọdún 2015, àwọn olùyẹ̀wò owó ìjọba Sierra Leone gbé ìwé jáde lórí owó tí a ná sí Ebola. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò ní ìwé ẹ̀rí tó péye. Ó dùn wá láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Sierra Leone ni ó tú àṣírí náà, kì í ṣe òyìnbó. Ìyẹn náà jẹ́ ríru ẹrù ẹni. Onílé ni aboyún tí ń lọ sí ilé ìwòsàn, onílé ni ọlọ́kadà, onílé ni ẹni tí ó ń ka ìwé owó. Ìjọba jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ fún wọn.

8. ÀWA TI CHALLENGE ŃKỌ́?

Ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí wa, àjọ kan gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún ará àdúgbò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò bi àwọn ìyá tí ń pọnmi léèrè, iwájú ilé ẹnì kan ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Kò pẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ fi di ìjà, tí àwọn ọ̀dọ́ òpópónà méjì fi ń fi igi lé ara wọn. Àwa náà wà lára àwọn tí wọ́n pè kí a wá pẹ̀tù sí i. Nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́, kò sí ẹni tí ó dá owó, wọ́n ní, “Ti àjọ yẹn ni.” Ọjọ́ tí omi tún yọ ni ọjọ́ tí àwọn obìnrin méje, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì, jókòó, tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n sì ń gba owó kékeré lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Omi kan náà ni, kànga kan náà ni. Ẹni tí ó rù ú ni ó yí padà.

Nítorí náà, ọmọ wa tí ó béèrè ẹni tí í tún ọjà ṣe, ìdáhùn wa rè é: ẹni tí ó ń ná ọjà náà ni. Kí ìjọba wá, kí òyìnbó wá, kí wọ́n bá wa gbé e. Àwa ni yóò rù ú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ tí àdúgbò yín nílò. Ẹ máa lọ sí ìpàdé àdúgbò, kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn lándílọ́ọ̀dù nìkan. Bí a bá gbé owó ẹgbẹ́ lé yín lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì fún yín ní owó kí ẹ lọ jà ní gáréèjì tàbí níbi ìbò, ẹ bi í pé níbo ni ọmọ tirẹ̀ wà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

(1) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìdákẹ́ ìbọn àti àlàáfíà?
(2) Kí ló dé tí ìwé Lomé fi ya láàárín ọdún kan?
(3) Kí ni Abdur-Rahman ọmọ Awf mọ̀ tí àwọn tí ó pín máṣíìnì ìránṣọ kò rò tó?
(4) Ẹ dárúkọ ohun kan ní àdúgbò yín tí àlejò gbé wá. Ta ni ó ń rù ú báyìí?

Kí Ọlọ́hun bá wa tún àárín wa ṣe, kí Ó sì fi wá ṣe ẹni tí ń tún nǹkan ṣe. Àmín.